Rìpọ́ọ̀tù òpin oṣù ń dá kántà dúró: ṣé a lè fi ààlà sí CPU tí query ń jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú sáfà níbi iṣẹ́ wa ní Tanke, n'Ílọrin. A ní ṣọ́ọ̀bù méjì míì, ọ̀kan l'Ọ́fà, ọ̀kan l'Ómù-Àrán, dátábéèsì kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa ń lò, MySQL 8.0 lórí Ubuntu, core 8, RAM 32GB. Tó bá ti di òpin oṣù tí àwọn àkáǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í fa rìpọ́ọ̀tù, CPU á lọ sí 100%, àwọn tó wà ní kántà l'Ọ́fà ò ní lè tajà mọ́, kọ́sítọ́mà á dúró títí á fi bínú lọ. Ọ̀gá wa ní kí n ṣètò ẹ̀ pé query kankan (iṣẹ́ tí a bá rán dátábéèsì) ò gbọdọ̀ jẹ ju 20% CPU lọ. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nínú MySQL, mi ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló wà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìtọ́jú sáfà o. Ohun tó ò ń wá yẹn, o ò lè rí i torí kò sí níbẹ̀ rárá. MySQL ò ní ibì kankan tí èèyàn ti lè kọ ọ́ sí pé kí query yìí má jẹ ju 20% CPU lọ, PostgreSQL náà ò ní in, SQL Server ní nǹkan tó súnmọ́ ọn tí màá mẹ́nu bà tó bá yá. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kíyẹn dà ẹ́ láàmú, torí ohun tí ọ̀gá yín ń fẹ́ gan-an, pé kí kántà Ọ̀fà máa tajà lọ nígbà tí àkáǹtì ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, ó ṣeé ṣe dáadáa, ọ̀nà míì la máa gbà débẹ̀ ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan. Nínú MySQL, query kan, thread kan (bí òṣìṣẹ́ kan nínú MySQL) ló ń gbé e, thread kan ò sì lè wà lórí core méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Core 8 lo ní, CPU rẹ pín sí mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé query kan ṣoṣo, bó ti wù kó burú tó, 12.5% ló lè jẹ mọ nínú gbogbo CPU rẹ, kò tiẹ̀ tíì dé 20% tí ọ̀gá ní kó má kọjá. Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tó yàtọ̀, bíi SELECT COUNT(*) tí kò ní WHERE, láti 8.0.14 ni InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú dátà, ti lè pín ìyẹn fún thread tó ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n rìpọ́ọ̀tù tìẹ tó ń ro owó pọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ò sí lára wọn. So tí CPU bá fi lè dé 100%, query ńlá bíi mẹ́jọ ló ń sáré pọ̀. Ibo ni mẹ́jọ ti wá nígbà tó jẹ́ pé ẹni kan tàbí méjì ló wà ní àkáǹtì?

Màá sọ ibi tó ti wá fún ẹ. Wọ́n tẹ bọ́tìnì rìpọ́ọ̀tù, nǹkan ń yí lójú kọ̀ǹpútà, kò jáde, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n refresh, wọ́n ṣí tab míì, wọ́n pe ẹnì kejì pé jọ̀ọ́ bá mi gbìyànjú ẹ̀ lórí tìẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, query tuntun ni, ti àkọ́kọ́ ò sì kú, torí pípa tí wọ́n pa tab yẹn ò dé ọ̀dọ̀ MySQL, kò mọ̀ pé ẹni tó rán òun níṣẹ́ ti lọ, á máa ka ríkọ́ọ̀dù lọ ni títí á fi parí kó tó wá rí i pé kò sẹ́ni tí òun fẹ́ kó o fún. Tí ìkan bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tó dá wà, tó bá wá di mẹ́jọ wọ́n á jọ máa falẹ̀ ni, bí wọ́n sì ṣe ń falẹ̀ sí i náà ni àwọn èèyàn á ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sí i. Má lọ bá àwọn àkáǹtì jà o. Bọ́tìnì tí kò dáhùn, ẹnikẹ́ni ló máa tún un tẹ̀. Ẹni tó kọ sọ́fítíwià yẹn ló yẹ kó ṣe é kí bọ́tìnì náà kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé rìpọ́ọ̀tù ń bọ̀, ẹ ní sùúrù. Pe puroogírámà yín kó ṣe ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ kékeré ni.

Mi ò ní kí o kàn gba ohun tí mo sọ, ìwọ fúnra ẹ lọ wò ó. Nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀, má tíì restart nǹkankan, mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún ẹ torí Ọ̀fà ń pè, ṣùgbọ́n tó o bá ti restart, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Tẹ top, kí o wo ìlà CPU lókè. Tó bá jẹ́ us ló ga, query ló ń ṣe ìṣirò lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tiwa yìí nìyẹn. Tó bá jẹ́ wa ló ga, CPU ò níṣẹ́ lọ́wọ́ o, dísìkì ló ń dúró dè, ààlà CPU kankan ò lè wo ìyẹn sàn, RAM tàbí SSD lo máa bá ọ̀gá sọ. Tó bá sì jẹ́ st, á jẹ́ pé VPS lẹ̀ ń lò, ẹlòmíì tẹ́ ẹ jọ wà lórí ẹ̀rọ kan náà ló ń gba CPU mọ́ yín lọ́wọ́, àwọn tó gbà yín lálejò lo máa kọ lẹ́tà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rí 100% lórí dashboard tí wọn ò wo èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á wá fi ọ̀sẹ̀ méjì tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ká ní us ni. Tẹ èyí:

top -H -p $(pidof mysqld)

Á fi thread kọ̀ọ̀kan hàn ẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀ àti CPU tó ń jẹ. Mú nọ́ńbà èyí tó wà lókè, ká ní 20417, kí o gbé e lọ sínú MySQL:

SELECT THREAD_ID, PROCESSLIST_ID, PROCESSLIST_USER, PROCESSLIST_TIME, PROCESSLIST_INFO FROM performance_schema.threads WHERE THREAD_OS_ID = 20417;

O ti rí ẹni tó ń jẹ CPU nìyẹn, o rí query ẹ̀ lódindi, o rí iye sẹ́kọ́ńdì tó ti lò. Tí kántà bá ti há pátápátá, KILL QUERY pẹ̀lú PROCESSLIST_ID yẹn, query nìkan ló máa kú, connection ẹ̀ á ṣì wà. Ìyẹn dáa ju restart lọ lọ́nà tó pọ̀, torí restart á kó kántà náà mọ́ ọn, gbogbo nǹkan tí InnoDB ti kó sínú RAM á sì dànù, gbogbo query á wá máa lọ bá dísìkì fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tó máa ń há nìyí: wà á wo PROCESSLIST_USER, wà á rí i pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Kántà, sítọ́ọ̀, àkáǹtì, gbogbo ẹ̀ root, tàbí gbogbo ẹ̀ "app". Níbi iṣẹ́ tó pọ̀ tí mo ti dé bó ṣe rí nìyẹn, puroogírámà kọ páásíwọ́ọ̀dù kan sínú fáìlì kan, gbogbo ẹ̀ka ń lò ó. Bó bá ṣe rí nìyẹn o ò lè fi ààlà sí ẹnikẹ́ni, torí lójú MySQL ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo yín. Èyí gan-an ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè ẹ, ìyókù ń tẹ̀lé e ni: ààlà tó ṣiṣẹ́ lórí sáfà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń fi í sí, a kì í fi í sórí query. Query tuntun á máa wọlé lójoojúmọ́, o ò lè mọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n o mọ ẹ̀ka mẹ́ta tó wà níbi iṣẹ́ yín.

Torí náà ya wọn sọ́tọ̀. Fún kántà ní yúsà tiẹ̀, sítọ́ọ̀ tiẹ̀, kí o wá dá ti rìpọ́ọ̀tù sílẹ̀ báyìí:

CREATE USER 'akanti'@'10.0.0.%' IDENTIFIED BY 'páásíwọ́ọ̀dù tó le' WITH MAX_USER_CONNECTIONS 2;

GRANT SELECT ON soobu.* TO 'akanti'@'10.0.0.%';

Wo nọ́ńbà 2 tó wà níparí ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fi orúkọ akanti wọlé ò lè ní connection tó ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, connection kan ò lè ṣe ju query kan lọ lẹ́ẹ̀kan, query kan ò lè jẹ ju core kan lọ. Core 2 nínú 8, 25% nìyẹn. Bí wọ́n fẹ́ wọ́n tẹ bọ́tìnì yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, ìkẹta ò ní wọlé, error 1226 ló máa bá pàdé, core mẹ́fà á sì wà nílẹ̀ fún kántà Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Tí ọ̀gá bá fi dandan lé e pé 20% ni òun sọ, sọ 2 yẹn di 1, ó di 12.5%. Ohun tí ọ̀gá yín ní kí o ṣe lo ti ṣe yẹn, o ò ra nǹkankan, o ò restart nǹkankan.

Kìkì pé kí o rí i dájú pé rìpọ́ọ̀tù nìkan ló ń lo yúsà yẹn o. Tí ojú ìwé tí àkáǹtì ti ń tẹ rìsíìtì wọlé náà bá ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á máa rí error níbi tí kò yẹ, wọ́n á sì ní ìwọ lo ba nǹkan jẹ́. Kí puroogírámà ya connection rìpọ́ọ̀tù sọ́tọ̀ nínú kóòdù, kó sì mú error 1226 yẹn kó sọ ọ́ di Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì tó yé èèyàn, pé rìpọ́ọ̀tù méjì ń lọ lọ́wọ́, ẹ dúró kí ìkan parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àkókò. MySQL ní max_execution_time, mílísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń kà á, 120000 jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Tí SELECT bá ti lò jù bẹ́ẹ̀ lọ MySQL fúnra ẹ̀ á dá a dúró. O lè kọ ọ́ sínú query fúnra ẹ̀, SELECT /*+ MAX_EXECUTION_TIME(120000) */ kó o tó wá máa bá ìyókù lọ, tàbí kí connection rìpọ́ọ̀tù kọ́kọ́ ṣe SET SESSION max_execution_time = 120000 bó bá ti wọlé. Mi ò fẹ́ kí o ṣe é ní GLOBAL (fún gbogbo sáfà), torí ọjọ́ kan lo máa fẹ́ ṣe nǹkan tó gùn fúnra ẹ. Mọ̀ pé SELECT nìkan ló ń bá wí, UPDATE àti DELETE ò sí níbẹ̀, SELECT tó wà nínú stored procedure (kóòdù tí wọ́n kó sínú dátábéèsì fúnra ẹ̀) náà ò sí níbẹ̀. Kí o tún tẹ SELECT VERSION(). Kí o wò ó bóyá MySQL ni lóòótọ́, torí ọ̀pọ̀ tó ń pe tiwọn ní MySQL, MariaDB ló wà níbẹ̀, pàápàá àwọn tó fi XAMPP bẹ̀rẹ̀. Ní MariaDB, max_statement_time ló ń jẹ́, sẹ́kọ́ńdì ló sì ń kà, tí èèyàn bá kọ 120000 síbẹ̀ ó ti fún query ní wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyẹn.

Ní báyìí, resource group. Èyí ló súnmọ́ ohun tí ò ń wá jù lọ, MySQL 8.0 ló gbé e dé, MariaDB ò ní in. Wà á dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wà á sọ core tó lè lò àti ipò tó wà tí wọ́n bá ń du CPU:

CREATE RESOURCE GROUP riporti TYPE = USER VCPU = 6-7 THREAD_PRIORITY = 10;

GRANT RESOURCE_GROUP_USER ON *.* TO 'akanti'@'10.0.0.%';

Láti 0 ni wọ́n ti ń ka core, so 6-7 ni méjì tó kẹ́yìn. THREAD_PRIORITY yẹn, bó bá ṣe ga tó ni ipò ẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó, 0 ni ti kántà, 19 ló rẹlẹ̀ jù. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún èèyàn ni pé MySQL ò ní fi yúsà sínú ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀. Connection rìpọ́ọ̀tù ló máa sọ SET RESOURCE GROUP riporti bó bá ti wọlé, tàbí kí wọ́n kọ /*+ RESOURCE_GROUP(riporti) */ sínú query. Tí ọ̀kan bá sì ti ń sáré lọ tó ń dààmú yín, o lè gbé e síbẹ̀ lójú iṣẹ́ pẹ̀lú SET RESOURCE GROUP riporti FOR, kí o wá kọ THREAD_ID tẹ̀lé e, THREAD_ID o, kì í ṣe PROCESSLIST_ID, nọ́ńbà méjèèjì ò dọ́gba. Lórí Linux, priority yẹn ò ní ṣiṣẹ́ àfi tí mysqld bá ní CAP_SYS_NICE, wọ́n á kàn fún ẹ ní warning kan wọ́n á sì gbójú kúrò níbẹ̀. Sáré ṣe sudo systemctl edit mysql, kọ [Service] sí ìlà kan, AmbientCapabilities=CAP_SYS_NICE sí ìlà tó tẹ̀lé e, kí o wá restart ẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì.

Èwo wá ni kí o lò nínú méjèèjì, VCPU tàbí priority? Priority ló wù mí jù, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí ẹ̀ torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 20% ti ọ̀gá ti ní ìṣòro. Fojú inú wo bohóòlù agboolé, ẹnì kan ń pọn omi sí dúróòmù. Tí kò bá sí ẹlòmíì níbẹ̀, kí ló dé tí a máa ní kó má ṣí ẹ̀rọ tán, kó máa fi ìdá kan nínú márùn-ún pọn ọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú? Kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ìrun Àílà tí àwọn tó gbé búúta bá dé láti ṣe àlùwàlá, kó yẹ̀ fún wọn, kí wọ́n bu tiwọn, iṣẹ́jú kan péré ni, kó wá máa bá dúróòmù ẹ̀ lọ. Ohun tí priority ń ṣe nìyẹn. Nice ni Linux ń pe priority yẹn. Tí nice 0 àti nice 10 bá jọ ń du core kan lórí Linux, ti 0 á gbà tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti ìkejì, tí ti 0 ò bá sì níṣẹ́ lọ́wọ́, ti 10 á gba gbogbo ẹ̀. Ààlà tó le gbagidi, tó jẹ́ pé bí sáfà tiẹ̀ wà lásán kò gbọdọ̀ kọjá níbì kan, CPU tẹ́ ẹ fowó rà lẹ̀ ń fi ṣòfò.

Ìdí kejì tún wà tó le jùyẹn. Query tí a dè mọ́lẹ̀ ṣì di àwọn nǹkan mú. Tó bá jẹ́ UPDATE, gbogbo ìlà tó ti fọwọ́ kàn ló ti tì, kántà tó bá fẹ́ ta irú ọjà yẹn á dúró, innodb_lock_wait_timeout sì jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 50 bí wọn ò bá yí i padà, lẹ́yìn ẹ̀ ni error. UPDATE tí ì bá fi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá parí, tó o bá fún un ní ìdá kan nínú márùn-ún CPU tó nílò, ó di àádọ́ta, o ti fọwọ́ ara ẹ sọ ìfàsẹ́yìn kékeré di kántà tó kú. SELECT lásán kì í ti ìlà nínú InnoDB, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù òun náà kì í jẹ́ kí InnoDB palẹ̀ àwọn ríkọ́ọ̀dù àtijọ́ mọ́, gbogbo nǹkan á máa wúwo díẹ̀díẹ̀. Torí náà rìpọ́ọ̀tù tó ń kàwé nìkan ni kí o fi sínú ẹgbẹ́ riporti. Ohunkóhun tó bá ń kọ nǹkan sínú dátábéèsì, jẹ́ kó yára parí kó kúrò lọ́nà. Ti iṣẹ́ ńlá bíi kí wọ́n yí iye owó gbogbo ọjà padà, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ìlà ẹgbẹ̀rún kan, COMMIT (àṣẹ tó ń parí ìyípadà náà), ẹgbẹ̀rún kan míì, COMMIT.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ọ̀nà láti gba kántà là ni. Query yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí rìpọ́ọ̀tù oṣù kan fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta fi ń gba CPU tó tó yẹn? Tan slow log, ibi tí MySQL ti ń kọ àwọn query tó pẹ́ sílẹ̀, kó tó di òpin oṣù:

SET GLOBAL slow_query_log = ON;

SET GLOBAL long_query_time = 2;

Sẹ́kọ́ńdì 10 ló máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Connection tuntun nìkan ni nọ́ńbà 2 yẹn máa bá wí, èyí tó ti wà nílẹ̀ á ṣì máa lo 10. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, mú èyí tó burú jù, fi EXPLAIN síwájú ẹ̀, á sọ bí MySQL ṣe máa ka tábìlì fún ẹ. Tó o bá rí ALL lábẹ́ type, tí rows sì jẹ́ mílíọ̀nù, ó ń ka gbogbo tábìlì látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù torí àtirí oṣù kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ bí wọ́n ṣe kọ WHERE ẹ̀ láìrí i: WHERE YEAR(ojo) = 2025 AND MONTH(ojo) = 6. Tí èèyàn bá ti fi YEAR bo ojo lórí báyìí, index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí MySQL yára rí ìlà) tó wà lórí ojo ò wúlò mọ́, MySQL gbọ́dọ̀ gbé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kó ṣírò ọdún ẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé, CPU tó ń tán yín lọ́wọ́ sì ni. Kí wọ́n kọ ọ́ báyìí:

WHERE soobu_id = 2 AND ojo >= '2025-06-01' AND ojo < '2025-07-01'

kí o sì ṣe index kan tó kó soobu_id àti ojo pọ̀, soobu_id kó ṣíwájú. Mo ti rí i ní ilé iṣẹ́ kan n'Ílọrin níbí tí wọ́n ti fẹ́ ra sáfà tuntun torí rìpọ́ọ̀tù kan, ìlà WHERE yẹn nìkan la yí padà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ sáfà tuntun mọ́. EXPLAIN ANALYZE náà wà láti 8.0.18, á fi àkókò gan-an hàn ẹ́, ṣùgbọ́n sísáré ló ń sáré query yẹn lóòótọ́ o, má ṣe é ní aago méjìlá ọ̀sán.

Bí àkáǹtì bá sì ń wo àpapọ̀ owó lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó máa ro ó láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Tábìlì kékeré kan tó ní ọjọ́, ṣọ́ọ̀bù, àti àpapọ̀, kí cron (ètò Linux tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní àkókò tí a bá fi sí) máa kún un lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Iṣẹ́ òru làwọn ìwé máa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá máa ń pa sáfà lálẹ́ torí inverter ò lè gbé e dé àárọ̀, ẹ fi sí ìgbà tí kántà bá ti tì tí iná ṣì wà.

Ní kúkúrú fún àwọn tó ń lo nǹkan míì. PostgreSQL rọrùn níbi yìí, ALTER ROLE akanti CONNECTION LIMIT 2, ALTER ROLE akanti SET statement_timeout = '120s', kí ẹ sì rántí ALTER ROLE akanti SET max_parallel_workers_per_gather = 0, torí PostgreSQL lè fi worker méjì kún query kan bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ìṣirò core kan fún query kan tí mo ṣe lókè á wá yí padà. SQL Server ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín bá mu jù, torí níbẹ̀ query kan lè gba gbogbo core lóòótọ́. MAXDOP ló ń dín ìyẹn kù, OPTION (MAXDOP 2) lẹ́yìn query kan, tàbí kí ẹ ṣe é fún odindi sáfà, kí ẹ sì gbé cost threshold for parallelism kúrò ní 5 tó máa ń wà, ó kéré jù. Resource Governor wà níbẹ̀ láti 2008, á mọ ẹni tó wọlé, á fi í sínú pool, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti pín CPU fún. MAX_CPU_PERCENT tiẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń du CPU nìkan, CAP_CPU_PERCENT tó dé ní 2012 ló jẹ́ ààlà gbagidi. Ọ̀pọ̀ ló ti fi 20 sí MAX_CPU_PERCENT, tí wọ́n wá rí query yẹn ní 90% láàárọ̀ Sunday tí kò sẹ́nikẹ́ni lórí sáfà, tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ẹ̀yà Enterprise nìkan ló ní Resource Governor títí di 2022, SQL Server 2025 ni wọ́n ti wá fún Standard náà.

Ẹnì kan á sọ fún ẹ pé kí o kàn ṣe sudo systemctl set-property mysql CPUQuota=600%. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́, MySQL ò ní lè ju core mẹ́fà lọ, tí website yín bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà ó dáa pé kí ẹ fi méjì sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo mysqld ló dì mú, kántà àti àkáǹtì pọ̀, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn, torí náà kò dáhùn ohun tó o bi mí.

Tó o bá ti ṣe gbogbo èyí, tí us ṣì wà lókè lójoojúmọ́ kì í ṣe òpin oṣù nìkan, ìgbà yẹn ni kí o lọ bá ọ̀gá fún ẹ̀rọ kejì, replica (ẹ̀dà dátábéèsì tó ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́) tí rìpọ́ọ̀tù á máa lọ kà lára ẹ̀, kí sáfà Tanke wà fún títà nìkan. Kò ní láti lágbára tó èyí tó wà nílẹ̀. Resource group kì í tẹ̀lé replication o, ibẹ̀ náà lo máa tún un dá.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, yúsà mẹ́ta yẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe, MAX_USER_CONNECTIONS sì ni kí o fi sí akanti, kó tó kan resource group. Tan slow log lọ́jọ́ kan náà. Tó bá di òpin oṣù tí rìpọ́ọ̀tù bẹ̀rẹ̀, wo top -H, gbé nọ́ńbà àwọn tó wà lókè lọ sínú performance_schema.threads bí a ti ṣe lókè, kò yẹ kí o rí ju rìpọ́ọ̀tù méjì lọ. Tó o bá rí ìkẹta, á jẹ́ pé ojú ìwé kan ṣì wà níbì kan tó ń lo páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, bá mi fi query ẹ̀ ránṣẹ́.